Wákàtí Ta Ni?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1986, ọ̀sán gangan ni a gbá àṣekágbá ìdíje Ife Àgbáyé ní Mẹ́síkò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ráhùn oòrùn títí, ṣùgbọ́n ọ̀sán Mẹ́síkò ni ìrọ̀lẹ́ Yúróòpù, níbi tí àwọn òǹwòran olówó wà. Ẹni tí ó ń làágùn kọ́ ni ó yan wákàtí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí èyí kò mọ sí orí pápá: bí ohun kan bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, wákàtí ta ni ó yẹ kí a fi ṣe é?

Nígbà tí Rashidi Yekini, ọmọ bíbí ìran Irá, jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé ní ọdún 1994, ìrọ̀lẹ́ ni ní Dallas. Ọ̀gànjọ́ òru ni ní Kàbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ọdún 2002, tí Nàìjíríà pàdé Ajẹntínà ní Jàpáànù, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni nílé. Kò sí ẹni tí ó lè pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Nàìjíríà tí ó ń lo aago kan ṣoṣo pàápàá, oòrùn a máa yọ ní Maiduguri ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó yọ ní Èkó. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò ni a lè dá lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn Òkun wà lára irú èyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni ín. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kàbà sì wà. Ti Àríwá bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1962. Ibi tí a ti ń sọ èdè wọn, wọn kì í ṣe onílé. Ibi tí a ti kà wọ́n mọ́ onílé, èdè wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ sí Kwárà ní 1967. Ní 1991 wọ́n bá Ígálà àti Ẹ̀bìrà wọ Kogí.

Àwọn kan ní kí a fi iye orí pín àkókò. Ìyẹn rọrùn láti ṣírò, ó sì le fún ẹni tí kò pọ̀. Àwọn mìíràn ní kí olúkúlùkù gba wákàtí kan náà gbáko. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí àgbẹ̀ wà lóko, tí akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì, kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí kan ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí ó ti sùn, tí ó wá ń kéde pé òun ti pín in dọ́gba! Ìdọ́gba tí ó bá ka ìṣẹ́jú, tí kò wo ẹni tí ó jókòó síwájú àpótí náà, ìṣirò lásán ni.

Síbẹ̀, ẹjọ́ náà kò pin sẹ́nu ọ̀nà Òkun. Bí a bá fún wọn ní wákàtí alẹ́, ahọ́n ta ni yóò ka ìròyìn? Owé ti Kàbà ni, tàbí Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀? Bí a bá ní kí a kúkú lo Yorùbá àjùmọ̀lò, ará Ọ̀yọ́ yóò gbọ́ ọ dáadáa ju ìyá arúgbó tí a tìtorí rẹ̀ béèrè wákàtí náà. Nupe àti Bàsà tí wọ́n wà ní Kogí bákan náà, tí wọn kò pọ̀ tó Òkun, ń dúró de ìdáhùn tí Òkun yóò fún wọn.