Ẹ Paná Kí Ẹ Tó Sùn

 

Ní ìlú Mẹ̀dínà, ilé kan jó lóru mọ́ àwọn onílé lórí. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì (s.a.w.), ó ní ọ̀tá wa ni iná, kí a máa pa á bí a bá fẹ́ sùn. Inú Bukhari àti Muslim ni hadisi náà wà. Òmíràn tún kìlọ̀ níbẹ̀ pé èkúté lè wọ́ òwú fìtílà, kí ó sì dáná sun ilé. Ẹ ò rí i pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ro ti èkúté pàápàá! Àwa tí a kì í gbàgbé àdúà orun, mélòó nínú wa ló ń yẹ ààrò wò?

Ààwẹ̀ Ramadan ti ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ọdún mélòó kan yìí. Ní abà, a ó fi igi dáná sààrì lóru, oorun ṣì wà lójú. A ó jẹun tán, a ó sáré lọ kírun Subhi, ògúnná ṣì wà nínú eérú. Eérú tí a rò pé ó ti kú lè gbé iná pamọ́ di ọjọ́ kejì. Bí a bá dà á sẹ́yìnkùlé, tí afẹ́fẹ́ fẹ́, koríko gbígbẹ á gbà á, ó di orí òrùlé. Omi ni kí a dà sí i, kí a fi igi rò ó, kí a tún da omi sí i.

Bẹntirólù kò gbọdọ̀ wọ iyàrá tí èèyàn ń sùn. Ẹ má bu epo sí fìtílà tó ń jó. Bí epo bá gbaná, ẹ má da omi lé e, iyẹ̀pẹ̀ ni. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó mọ́ ni kí a máa dà sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù, kì í ṣe epo pupa tàbí ẹyin.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Ṣáàmù, Sayyidina Umar kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó ní inú kádàrá Ọlọ́hun lòun ń sá bọ́ sí. Ẹni tó fi ògúnná sílẹ̀ tó ní òun gbára lé Ọlọ́hun, ìmẹ́lẹ́ ló ń fi orúkọ Ọlọ́hun bò.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì ní ìpàdé tó ń bọ̀, tí yóò lọ bá àwọn àgbà tó ń dá gbé lábà ro àyíká ilé wọn, kí wọ́n sì gbé garawa iyẹ̀pẹ̀ kan sẹ́bàá ààrò kí oṣù ààwẹ̀ tó lé.