Àmì Ìdáǹdè: Ìgbà Wo Ni Ó Di Òrìṣà?

Bíbélì Kíkà: Numeri 21:4-9; Joṣua 4:1-7; 2 Ọba 18:1-6; Johanu 3:14-15

Ọlọ́run tìkára Rẹ̀ ni ó pàṣẹ fún Mose pé kí ó rọ ejò idẹ, kí ó sì gbé e kọ́ sórí òpó. Ẹni tí ejò bù jẹ, bí ó bá wò ó, yóò yè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Hesekiah ọba fọ́ ejò idẹ kan náà túútúú, Ìwé Mímọ́ sì yìn ín fún un. Báwo ni ohun tí Ọlọ́run pàṣẹ ṣe wá di ohun fífọ́? Idẹ náà kò yí padà. Ọkàn àwọn tí ń wò ó ni ó yí padà. Wọ́n rántí ejò, wọ́n gbàgbé Ẹni tí ó ní kí a rọ ọ́, wọ́n sì ń sun tùràrí sí i.

Irú ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun lé àwọn baba wa kúrò nílé, abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn kan sá sí. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀, orúkọ Abẹ́òkúta sì ń sọ ìtàn náà títí di òní. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, ogun Gezo, ọba Dàhòmì, dé ẹnu odi ìlú. Àwọn Ẹ̀gbá dúró, wọ́n sì lé wọn padà. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà nínú ìlú ní ọjọ́ náà. Dàhòmì tún wá ní 1864, wọ́n tún pàdánù.

Ta ni ó gba ìlú sílẹ̀? Ẹnìkan ní àpáta ni, ó sì ń bọ ọ́. Ẹlòmíràn ní apá àwọn jagunjagun ni. Onígbàgbọ́ kò sẹ́ àpáta, kò sì sẹ́ àwọn tí ó jà. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: ta ni ó dá àpáta, ta ni ó sì fún ènìyàn ní ọkàn láti dúró?

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹni tí ń bọ àpáta lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ilé tiwa wò. Ìyá kan lè fi Bíbélì sí abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó má sì ṣí i kà rárá. Ẹlòmíràn fi àgbélébùú kọ́rùn bí ẹni so oògùn. Ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀lé omi ìtẹ̀bọmi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa Onítẹ̀bọmi ń kọ́ni pé àmì ni ìtẹ̀bọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, pé wọn kì í gba ọkàn là. Kí a má ṣe fi ìyá yẹn ṣẹ̀sín. Ẹ̀rù tí ń bà á kì í ṣe eré. Kí a bá a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí a bá a ṣí Bíbélì náà, kí a sì bá a gbàdúrà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kó gbogbo àmì dànù.” Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òkúta 12 ni a kó jáde láti inú Jordani, kí àwọn ọmọ lè bèèrè ìtumọ̀ wọn, kí àwọn òbí sì dáhùn. Àmì tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ ń tọ́ni sọ́nà. Èyí tí a gbàgbé ìtàn rẹ̀ ni ó ń di òrìṣà. Ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn kì í jókòó ti pátákó tí a kọ Ìbàdàn sí, kí ó ní òun ti dé.

Jésù ni ejò idẹ náà ń tọ́ka sí. Bí a bá mú àmì wa kúrò lọ́la, ǹjẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé wa nínú Rẹ̀ yóò dúró?

Fún Ìjíròrò
1. Kí ni ohun tí àwa pẹ̀lú ń sun tùràrí sí láìmọ̀?
2. Ìtàn ìdáǹdè wo ni a kò tíì sọ fún àwọn ọmọ wa?