Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀

Ìròyìn ti kàn wá pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń wa ara rẹ̀ ti dé inú ayé. Láti ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Waymo ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èrò ní ìlú Phoenix, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láìsí ẹnikẹ́ni ní ìdí ọkọ̀. Kámẹ́rà ni ó fi ṣe ojú, kọ̀ǹpútà ni ó fi ṣe ọpọlọ. Kì í mutí, kì í tòògbé, kì í sì í bínú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a tún ń fi ènìyàn ṣe ní ìdí ọkọ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ fi ojú inú bá wa dúró ní Ọjà'ba ní ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ Micra kan ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ. Ó ti kọjá ní abẹ́ gbọ̀ngán Mápó tí a ṣí ní ọdún 1929, ó sì ń lọ sí Bẹyẹrunká. Alábàárù ru ẹrù sọdá ní iwájú rẹ̀, ọmọlanke dábùú títì, ìyá kan pọn ọmọ, ó sì di òmíràn ní ọwọ́ mú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wá ìlà funfun kí ó tó sọdá. Ìyá náà wo ojú awakọ̀, awakọ̀ wo ojú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ìyá náà sì kọjá. Àwọn àgbà wa ti wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ọjà'ba, ojú ni òfin ìrìnnà pàápàá wà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú kò ti bá ojú pàdé. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọkọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Uber ń dán wò pa obìnrin kan tí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà fi hàn pé ọkọ̀ náà ti rí i fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí ó tó kọlù ú. Ó pè é ní ọkọ̀, ó tún pè é ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò pè é ní ènìyàn, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kò fi kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí a kò fa ìlà sí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé Ọjà'ba, ta ni yóò jẹ́ ènìyàn ní ojú rẹ̀? Ẹnìkan wà nínú ọkọ̀ náà tí a fi ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n fóònù ni ó ń wò. Òun ni ó gbà ní kóòtù ní ọdún 2023 pé òun jẹ̀bi. A kò lè mú ẹ̀rọ lọ sí iwájú adájọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ní ìlú San Francisco, ọkọ̀ kan gbá obìnrin kan sí iwájú ọkọ̀ Cruise tí kò ní awakọ̀. Ọkọ̀ Cruise náà kọlù ú, ó dúró, ó sì tún gbéra láti yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó fi bẹ́ẹ̀ wọ́ obìnrin náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20. Awakọ̀ tí ó bá gbá ènìyàn, àyà rẹ̀ a já, a bọ́ sílẹ̀, a wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kò ní àyà tí yóò já. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba California gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára dá ara wa láre. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbá obìnrin náà, ènìyàn ni ó ń wà á, ó sì sá lọ. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀rí-ọkàn. Ẹni yìí ní, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èwo ni ó burú jù? Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ ni a ṣe dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, àti ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1988. Nítorí àwa ènìyàn ni. Awakọ̀ tí ó mu paraga kí ó tó gbéra, àti èyí tí ń fi ọwọ́ kan wakọ̀ tí ó sì ń fi èkejì tẹ fóònù, ti sọ ara wọn di ohun tí ó rẹlẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni èyí: ènìyàn yẹ ní ìdí ọkọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, èyíinì ni pé kí ó mọ ọmọnìkejì rẹ̀ ní ènìyàn, kí ó sì múra láti jíhìn nípa ẹ̀mí rẹ̀. Ẹrù náà kò sì mọ sí ọrùn awakọ̀ nìkan. Àwa èrò tí a máa ń kígbe pé, "Dẹ́rẹ́bà, tẹná!" pín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó dàgbà di awakọ̀; nígbà tí a bá sì tún wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a fún awakọ̀ ní àyè láti dúró de ìyá tí ó pọn ọmọ.