Àbọ̀ Ọ̀rọ̀, Àbọ̀ Ìṣirò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òwe yìí dùn létí, ojoojúmọ́ la sì ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí ẹni tí a sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún kò bá ní àbọ̀ kejì nínú ńkọ́? Kí ni yóò fi sọ ọ́ di odidi? Àbọ̀ tó gbọ́ yẹn náà ni yóò gbé lọ, á sì rò pé odidi lòun gbé dání. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí ti jáde wá: ṣé ẹni tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe òótọ́ lè jẹ́ òpùrọ́?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti inú afẹ́fẹ́ lásán, mo mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́: ṣé ayé ṣì ń gbóná sí i, àbí ìgbóná náà ti dúró? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀. Oòrùn kì í béèrè ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí èèyàn wà kó tó pa á lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà. Kò sí tẹmómítà kan ṣoṣo tí wọ́n kì bọ ayé lábíyá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó ló wà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ohun èlò tí ń léfòó sì ń wọn ti òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ tí Met Office àti àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì East Anglia jọ ń tọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1850. Ti NASA ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti 1880. Wọn kì í da ooru Kánò pọ̀ mọ́ otútù Jọ́ọ̀sì kí wọ́n wá pín in sí méjì. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi wé ara rẹ̀: báwo ni oṣù yìí ṣe yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí níbí? Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ń kó jọ. Jọ́ọ̀sì tutù ju Kánò lọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ohun tí à ń wá ni bóyá Jọ́ọ̀sì ṣì tutù tó bó ṣe máa ń tutù.

Ó wá ku àríyànjiyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ físíìsì ló gbé e kò mí. Ó ní, "Akéwì, ṣó o mọ̀ pé láti 1998 títí dé 2012, ìgbóná ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan? Àwọn IPCC fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn." Mo ní kó jẹ́ n lọ wò ó. Mo wò ó, òótọ́ ló sọ. IPCC, ìgbìmọ̀ tí àwọn ìjọba àgbáyé gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wò, kọ ọ́ nínú ìròyìn wọn ti 2013 pé láti 1998 sí 2012, 0.05°C péré ni ìgbóná fi ń lọ sókè láàárín ọdún 10, nígbà tó jẹ́ pé láti 1951 sí 2012, 0.12°C ni. Kò tó ìdajì. Ẹnu ọ̀rẹ́ mi ò yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tún sọ nǹkan mìíràn. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ọdún 15 náà láti 1997, 0.07°C ni láàárín ọdún 10. Láti 1996, ó di 0.14°C. Láti 1995, 0.13°C. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ọdún méjì péré la fi sún ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ìgbóná tí wọ́n ní ó dúró sì di èyí tó ń yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí ló wà nínú 1998? El Niño ni. Láàárín 1997 sí 1998, omi òkun Pàsífíìkì lápá ibi tí ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tú ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Bí 1998 ṣe di ọdún tó gbóná jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ọjà ń tà wàràwàrà. Oṣù kìn-ín-ní dé, owó ilé ìwé ti gbọ́n àpò gbogbo èèyàn gbẹ, ọjà dákẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọ̀sẹ̀ Kérésì, tó ní ọjà ìyá yìí ti ń kú lọ, kò purọ́ iye owó. Ṣùgbọ́n bí Kérésì ọdọọdún bá ń ju ti èṣí lọ, tí ìyá náà wá fi ìṣirò yẹn ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ta ló jẹ̀bi?

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ wò. A ní irọ́, a sì ní ẹ̀tàn. Lójú tèmi, ẹnu ni irọ́ ń gbé: ohun tí ẹnu sọ kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kò nílò irọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi pàkúté dẹ ẹyẹ, àgbàdo gidi ló ń dà sílẹ̀, kì í ṣe ayédèrú. Ibi tó dà á sí ni ọ̀ràn wà. Nítorí náà ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè fi òótọ́ pọ́ńbélé tan ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ. Mi ò pe ọ̀rẹ́ mi ní ẹlẹ́tàn o. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ pé 1996 wà níbẹ̀, tó fọwọ́ bò ó kó tó gbé ìwé fún wa, òun ni mò ń bá wí.

Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní, "Ó dáa, ṣé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 1850 ò mú ibi tó wù wọ́n náà ni? Ìtàn wo ni ò ní ìbẹ̀rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tó já bọ́ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán ìbẹ̀rẹ̀ wò: sún un. Sún un síwájú, sún un sẹ́yìn, kó o wá wo bóyá ìtàn náà ṣì dúró. Bẹ̀rẹ̀ láti 1880, tàbí 1950, tàbí 1980, kó o wá sí 2024: sókè ni. Bẹ̀rẹ̀ láti 1998 gan-an, ṣùgbọ́n má dúró ní 2012: sókè náà ni. Nínú àkọsílẹ̀ NASA, 2014 kọjá gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀, 2015 kọjá 2014, 2016 kọjá 2015. 2023 wá kọjá gbogbo wọn, 2024 tún kọjá òun náà. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní 2024 fi nǹkan bí 1.55°C gbóná ju bí ayé ṣe rí láàárín 1850 sí 1900 lọ, àti pé ọdún 10 tó wà láti 2015 sí 2024 ló gbóná jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ìtàn ọdún 1998 ò tilẹ̀ tó ogún ọdún tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Kí n má bàa ṣe ohun tí mò ń bá ẹlòmíràn wí, El Niño wà nínú 2016 náà, ó sì wà nínú 2023 wọ 2024. Torí náà, bí ọdún kan lẹ́yìn 2024 bá tutù díẹ̀ jù ú lọ, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e jó pé ó ti parí. Kérésì ni ká fi wé Kérésì: 2016 gbóná ju 1998 lọ, 2024 sì gbóná ju 2016 lọ.

Ẹ̀sùn kejì tún wà. Wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ń tún un ṣe. Bí ìwé bá jẹ́ òtítọ́, kí ló dé tí wọ́n ń fọwọ́ kàn án? Ìbéèrè gidi ni. Láyé àtijọ́, korobá ni àwọn atukọ̀ fi ń fa omi òkun sókè kí wọ́n tó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, atẹ́gùn á sì ti fẹ́ ẹ tutù díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń wọn omi tó ń wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, èyí sì máa ń gbóná díẹ̀ ju òkun fúnra rẹ̀ lọ. Lóde òní, ohun èlò tí ń léfòó ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, tirẹ̀ sì fi nǹkan bí 0.1°C tutù ju ti ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ kóńgò ọjà. Òmíràn wà tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá fi kóńgò gidi ra gààrí lánàá, tó fi èyí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ rà lónìí, gbọ́dọ̀ ṣírò ìyàtọ̀ kóńgò kó tó sọ pé gààrí wọ́n tàbí kò wọ́n. Ohun tí àtúnṣe wà fún nìyẹn. Nígbà tí a bá sì kó ti ilẹ̀ àti ti òkun pọ̀, ńṣe ni àtúnṣe náà dín ìgbóná tí àkọsílẹ̀ ń fi hàn láti ìgbà pípẹ́ wá kù. Ṣé bí ẹni tó fẹ́ fi ìgbóná purọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Àtúnṣe ò mọ ojú ẹnì kan. John Christy àti Roy Spencer, ní yunifásítì kan ní Alabama, ń fi sátẹ́láìtì wọn ìgbóná òfurufú, àkọsílẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti òpin 1978. Láàárín àwọn ọdún 1990, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ìgbóná kankan hàn, àwọn tí kò gbà pé ayé ń gbóná sì fi í ṣe odi. Ní 1998, àwọn onímọ̀ mìíràn rí i pé àwọn sátẹ́láìtì náà ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2005, wọ́n tún rí àṣìṣe kejì, èyí tó jẹ mọ́ aago tí sátẹ́láìtì ń kọjá lórí ibì kan. Wọ́n tún ìṣirò ṣe. Lónìí, àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì gan-an ń fi hàn pé òfurufú ń gbóná.

Mo fẹ́ràn ìtàn Richard Muller jù. Onímọ̀ físíìsì ni ní Berkeley, kò sì fọkàn tán àwọn ibùdó orí ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Kò jókòó kó máa bú èèyàn. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tiwọn láti ìpìlẹ̀. Díẹ̀ nínú owó tí wọ́n fi ṣe é wá láti àjọ onísòwò epo, Charles Koch, tí ẹnikẹ́ni ò lè pè ní ọ̀rẹ́ àwọn tó ń pariwo ìgbóná ayé. Ní 2012, Muller kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn fún gbogbo ayé pé ìgbóná náà jẹ́ òótọ́, àti pé àwa èèyàn la fà á. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń ṣiyèméjì jẹ gbèsè kan: ó gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Bó bá sì ti wò ó tán, kó sọ ohun tó rí, kódà bí ẹni tó fún un lówó bá ń wò ó lójú.

Ẹ̀yin akéwì, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Ọ̀sán kan á mú ganrínganrín nínú oṣù kẹta, a ó gbé bírò, a ó ní ẹ wò ó, ayé ti jóná. Ọyẹ́ á dé ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹlòmíràn á wọ súwẹ́tà, á ní ìgbóná dà? Ọmọ ìyá ni àwa méjèèjì. Nínú ewì, kò burú. Iṣẹ́ wa ni ká mú ọ̀sán kan nínú ọdún ká fi kọrin, òǹkàwé sì mọ̀ pé ojú kan la fi wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá kúrò nídìí ewì tí mo jókòó láti jiyàn, mi ò gbọ́dọ̀ gbé àyè yẹn dání. Òótọ́ tí mo fẹ́ràn kò ní ẹ̀tọ́ sí ìṣirò ẹ̀bùrú ju ti ẹni tó ń ta kò mí lọ.

Ẹnì kan lè ní ìjà nọ́ńbà lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń sọ pé ìgbóná dúró, ooru kò lọ ìsinmi. Ó lé ní ìpín 90 nínú 100 ooru tí ayé ń kó jọ tó jẹ́ pé inú òkun ló ń wọ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ nígbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ti dúró yóò rí ìdí láti sùn padà. Púpọ̀ nínú èéfín tí wọ́n tú sókè nígbà àríyànjiyàn náà ṣì wà lórí wa, yóò sì wà níbẹ̀ títí àwa tí a jẹ́ ọmọ ogún ọdún lónìí yóò fi hewú. Àgbẹ̀ tó ń wojú òjò ò sí níbi ìjíròrò náà. Ọmọ tí a ò tíì bí ò sí níbẹ̀. Àwọn ni àbọ̀ ìṣirò máa ń ṣẹ̀ jù, torí wọn ò sí níjòókòó láti béèrè àbọ̀ kejì.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi á fi kún un pé ẹni tó gba ọdún kan gbọ́ dá ẹjọ́ fún ayé, àbúrò rẹ̀ ni. Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "láti ọdún báyìí," ì báà jẹ́ lórí ìgbóná, ì báà jẹ́ lórí owó tàbí òṣèlú, ẹ rọra bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún yẹn. Ẹ bi èmi náà. Bí ẹ bá rí i tí mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yáa wo ilẹ̀ dáadáa, bóyá àgbàdo ni mò ń dà sílẹ̀.