Ta Ni Ó Ni Ẹjọ́?

Àwọn àgbà wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a tó ti kóòtù bọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i wọ̀. Bí ẹni tí a rẹ́ jẹ bá ní ẹ̀tọ́, tí kò sì ní owó tí yóò fi wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Adégbayì, tí ẹlòmíràn ń ta oko kòkó baba rẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ náà bá ṣì jẹ́ ilẹ̀ oko lójú ìjọba, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún kóòtù ìbílẹ̀ ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ́gbó náà. Ṣùgbọ́n ìlú ń gbòòrò. Bí gómìnà bá ti kéde pé ilẹ̀ náà ti di ti ìgboro, ó di ilé-ẹjọ́ gíga. Pèrègún àlà kò kúrò ní ààyè rẹ̀. Kóòtù ni ó sún kúrò lọ́dọ̀ àgbẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò ní ilé-ẹjọ́ gíga. Adájọ́ lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, kí agbẹjọ́rò jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, síbẹ̀ ògbufọ̀ ni yóò dúró láàrin àwọn àti àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò fojú di ìtàn àwọn baba: nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, lọ́dún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kà á mọ́ ọ̀nà márùn-ún tí a lè fi jẹ́rìí ilẹ̀. Ẹ̀rí wà lẹ́nu àgbẹ̀; ọ̀nà tí yóò gbà dé etí adájọ́ ni ó gbówó lórí.

Àwọn kan á ní kí a lé agbẹjọ́rò dànù. N kò sí lára wọn. Ìjọba Lugard lé wọn kúrò ní àwọn kóòtù ẹkùn lọ́dún 1914, ó sì di 1933 kí wọ́n tó padà. Ní gbogbo ìgbà náà, ajẹ́lẹ̀ kan náà ni ó ń ṣàkóso tí ó sì ń dájọ́.

Ohun tí mo ń wí ni pé òfin ni ó ní kí ẹlòmíràn má gba owó ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹni tí a bá ti ilẹ̀kùn fún kí ó lè máa nìkan jẹun, ó jẹ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbèsè. Ìrànlọ́wọ́ òfin tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976 kò san gbèsè náà tán. Òfin rẹ̀ ti 2011 ń wo ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó-oṣù tó kéré jù lọ lọ; àgbẹ̀ tí kì í gba owó-oṣù, kí ni yóò fi hàn wọ́n?

Àwa olùkọ́ Yorùbá náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Ta ni ó ń kọ́ ògbufọ̀? Bí ó bá pe ìṣákọ́lẹ̀ ní ẹ̀bùn lásán, ẹ̀rí pé ẹni tí ń san án kọ́ ni ó ni ilẹ̀ ti sọnù, agbẹjọ́rò ìbáà gbówó, ìbáà má gbà.