Ṣé a lè tún un dá? Ohun tí 65,536 kọ́ mi



Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ló bá wá. Ifá ní kó ṣe sùúrù. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un dá." Mo ní rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, 256 lẹ máa bá: ojú Odù 16, ọmọ Odù 240. Tí a bá di ìbò, ẹ̀ẹ̀mejì là ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ ká lè mọ èyí tó jẹ́ àgbà. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. Lẹ́nu àwọn bàbá wa, ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínlógójì.

Nínú 65,536 yìí, 256 ni Odù kan náà ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku 65,280. Nínú ìdajì rẹ̀, 32,640, Odù àkọ́kọ́ ló jẹ́ àgbà. Nínú ìdajì kejì, Odù kejì ni. Ṣé ẹ rí i? Nọ́ńbà kì í ṣègbè.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo ka ìtàn ní yunifásítì, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí Leibniz kọ nípa òǹkà 0 àti 1 ní 1703, àwòrán àwọn ará Ṣáínà ló tọ́ka sí. Ògo Ifá ò nílò irọ́.

Èmi náà ti purọ́ rí ṣá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá Ifá fún èèyàn, oníṣòwò kan fẹ́ kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ọjà kan. Odù tó jáde kò gbà á láyè. Ó fi owó kún owó, ó ní kí n tún un dá. Mo tún un dá. Ìkẹrin ló dùn mọ́ ọn nínú. Owó náà run. Kò bínú sí mi o, Ifá ló bínú sí. Títí dòní, kò fẹ́ rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ sójú. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí a máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i?" Bẹ́ẹ̀ ni. A ń béèrè irú ire, irú ẹbọ. Ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Àmọ́ Odù ò ju 256 lọ. Ẹni tó bá ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ láìsinmi, èyí tó ń wá á jáde ṣáá ni. Ìdáhùn tí a ń wá kiri títí tó fi jáde, kì í ṣe Ifá ló sọ ọ́. Ohùn ara wa ni a gbọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn bínú lọ. Bóyá ó ti rí ẹni tó máa tún un dá fún un. Ó wù mí kó padà wá, àmọ́ mi ò ní pe Ifá ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí àtitẹ́ èèyàn lọ́rùn.