Ìrìn Àjò Méjì àti Àwọn Tí A Fi Sílẹ̀ Nílé

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú kíláàsì àwọn àgbà, a ń ka ìtàn ọkùnrin tí ó sá kúrò ní Ìlú Ìparun. Nígbà tí a dé ibi tí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké pè é kí ó padà, tí òun sì fi ìka di etí rẹ̀ tí ó ń sáré lọ, ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tísà, àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ta ni yóò fún wọn ní oúnjẹ alẹ́ ní ọjọ́ náà?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí tí n kò rí ìdáhùn fún un. Ìbéèrè náà kò kúrò ní ọkàn mi títí mo fi gbé ìwé mìíràn lé ẹ̀gbẹ́ èyí, kí n lè mọ ohun tí ìwé méjèèjì ní láti wí fún ìyá wa.

Ìwé kìn-ín-ní ni èyí tí John Bunyan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1678. Àlùfáà David Hinderer, tí ó ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa ní ọdún 1866, tí a sì ń pè é ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ìwé kejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, láti ọwọ́ olóògbé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. C.M.S. ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938. Àwọn amòye ti ń sọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́ pé ìwé Bunyan wà lára ohun tí Fágúnwà kà kí ó tó kọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ka méjèèjì yóò rí i pé ìrìn àjò eléwu ni wọ́n jọ ń sọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé àwọn arìnrìn-àjò náà kúrò nílé kò bá ara mu. Onígbàgbọ́ inú ìwé Bunyan ń sá àsálà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹrù wúwo wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè bá a sọ̀ ọ́. Ó ń lọ, kò sì ní í padà. Àkàrà-ògùn inú ìwé Fágúnwà kò lọ nítorí ara rẹ̀. Ọba ìlú ni ó rán an sí Òkè Lángbòdó, kí ó lọ mú ohun tí yóò fi àlàáfíà fún gbogbo ìlú bọ̀. Kò dá lọ pẹ̀lú. Ó kó àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Yorùbá ni ìwé yìí ní tòótọ́, nítorí tí àwọn baba wa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Bí a bá dúró níbí, a ó wí pé ti Fágúnwà ni ó sàn jù: ọ̀kan lọ gba ara rẹ̀ là, èkejì lọ gba ìlú là. Bẹ́ẹ̀ ni èmi pẹ̀lú ti kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè ìyá àgbà yẹn lọ́wọ́ ìwé méjèèjì.

Ní ọjọ́ tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, fẹ́ bá Àkàrà-ògùn lọ, obìnrin rẹ̀ dì í mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ. Kàkó kò lè fara da ìdádúró náà, ó sì pa á. Ìrìn àjò sì ń bá a lọ. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ rere ni Kàkó ń bá lọ. Àlàáfíà ìlú ni ó ń wá, obìnrin kan nínú ìlú kan náà sì ni ó kọ́kọ́ san owó rẹ̀. N kò wí pé Fágúnwà yìn ín. Òpìtàn kì í fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ó bá ròyìn, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí àyà wa já ni.

Bunyan ńkọ́? Òun náà mọ bí irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ ti rí. Ní ọdún 1660 ni a sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìwàásù, a kò sì dá a sílẹ̀ títí di ọdún 1672. Bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní í wàásù mọ́, ilé ni ì bá lọ. Kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ nínú ìwé mìíràn pé ìrora ńlá ni kí òun fi aya àti ọmọ sílẹ̀, pàápàá ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó fọ́jú. Nínú ẹ̀wọ̀n náà ni ó sì ti ń ṣe okùn bàtà tà kí wọn lè rí nǹkan jẹ.

Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé Onígbàgbọ́ rẹ̀ kò dà bí Kàkó. Kí ó tó lọ, ó sọ ohun tí ó rí fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn ni wọn kò gbọ́. Nígbà tí a sì bi í léèrè lójú ọ̀nà pé kí ló dé tí kò mú wọn wá, ó sọkún. Ní ọdún 1684 Bunyan tún kọ apá kejì: Kristiana, aya tí a fi sílẹ̀, dìde pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì gba ọ̀nà kan náà dé òpin. Ìwé tí a rò pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni, òun ni ó padà wá mú àwọn tí ó kù sílé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí Fágúnwà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn akọni dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tí wọ́n sì lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìṣúra ni ó kó lé wọn lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ìtọ́jú ọmọ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n la igbó ẹ̀rù já kí a tó sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ilé!

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń gbé ní Mowe, Ìbafò àti Ifọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ baba àti ìyá ti wà lójú ọ̀nà Èkó, àwọn ọmọ a sì ti sùn kí wọ́n tó dé. Àwọn mìíràn ti ré òkun kọjá nítorí oúnjẹ òòjọ́. Àwa olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pẹ̀lú, a máa ń wí pé iṣẹ́ Olúwa ni ó gbà wá lọ́jọ́ gbogbo. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó lọ. Ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n títóbi iṣẹ́ kò sọ ọwọ́ tí ó dì wá mú di ọ̀tá. Ẹni tí ó lọ tí ó ń fi okùn bàtà bọ́ ilé, tí omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè wọn, kò dà bí ẹni tí ó gé wọn kúrò tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Mo ti padà lọ bá ìyá àgbà náà, mo sì ka apá kejì fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún àwọn ọkùnrin wa pé kí wọ́n má ṣe dúró de apá kejì."